Òrùka Dáyámọ́ǹdì Nínú Ẹrù Ìdána: Kí Ni A Ó Fi Wúre?



Ọ̀rọ̀ kan ti ń di àríyànjiyàn láàrin wa, pàápàá láàrin àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéyàwó ní ìlànà ìṣẹ̀ṣe. Ọkọ ìyàwó fẹ́ ra òrùka dáyámọ́ǹdì fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Apá kan nínú wa ní èèwọ̀ ni, pé ohun òyìnbó ni, pé iyùn ni kí ó lọ rà. Apá kejì ní ayé ti lajú, pé obìnrin tí a kò fi òrùka olókùúta tọrọ, a kò tíì tọrọ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tí ń wá dá Ifá ìgbéyàwó lọ́dọ̀ mi, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì. Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì ń jà lórí ohun tí kì í ṣe gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Dáyámọ́ǹdì kì í ṣe èèwọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀ranyàn. Èèwọ̀ ibẹ̀ ni pé kí a gbé ohun tí a kò lè fi òtítọ́ ròyìn kalẹ̀ níwájú ẹbí méjì, kí a sì pè é ní àmì ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ẹní ìdána bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òfin wa wà. Kò sí ohun kan tí ó yadi nínú ẹrù ìdána. Obì wà níbẹ̀ kí a lè fi bi ikú, kí a sì fi bi àrùn. Orógbó wà níbẹ̀ kí tọkọtaya lè gbó. Oyin àti iyọ̀ ń sọ̀rọ̀ adùn. Ataare ń sọ̀rọ̀ ọmọ, nítorí ilé rẹ̀ kì í ṣófo. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀dá-èdè, ohun tí mo rí nínú ètò yìí ni pé àdúrà kọ̀ọ̀kan jáde láti inú orúkọ ohun náà tàbí láti inú ìṣesí rẹ̀. Ẹni tí ń wúre kò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ lé obì lórí. Ohun tí gbogbo ẹni tí ó jókòó mọ̀ nípa obì ni ó ń sọ. Ìdí nìyí tí a kò fi ń fi obì tí ó ti kẹ̀ wúre. Bí ohun náà bá ti purọ́, àdúrà tí a fi ṣe kò ní ibi tí yóò dúró sí.

Òdiwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn dáyámọ́ǹdì nìyí, òun náà sì ni kí a fi wọn iyùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni: kí ni ohun náà gan-an, níbo ni ó ti wá, ṣé òtítọ́ sì ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lé e lórí?

Ọ̀rọ̀ tí ayé ń sọ lé dáyámọ́ǹdì lórí ni pé ó wà títí láé, bí ó ṣe yẹ kí ìfẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òwe àtayébáyé àwọn òyìnbó ni. Rárá o. Obìnrin kan tí ń kọ ìpolówó ọjà, Frances Gerety, ni ó kọ gbólóhùn náà ní ọdún 1947, ní ilé-iṣẹ́ N. W. Ayer ní Amẹ́ríkà, fún De Beers tí ń ta dáyámọ́ǹdì. Lóòótọ́ ni àwọn ọlọ́lá Yúróòpù kan ti ń lo òrùka dáyámọ́ǹdì ṣáájú àkókò náà. Ṣùgbọ́n ní 1938, nígbà tí ọ̀dá owó ti mú kí ọjà náà kùtà, ni De Beers gbé iṣẹ́ ìpolówó rẹ̀ fún N. W. Ayer, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gbogbo ọmọ aráyé, olówó àti òṣìṣẹ́, pé láìsí òkúta yìí ìfẹ́ kò pé. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980, ìpolówó wọn ti ń sọ fún ọkùnrin pé owó oṣù méjì ni kí ó ná lórí òrùka kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ohun tí a ń pè ní àṣà ìgbéyàwó lónìí kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún, akọ̀wé ìpolówó ni ó sì bí i.

Kí wá ni òkúta náà gan-an? Èédú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun kan náà, kábọ́ọ̀nù, ni wọ́n fi dá àwọn méjèèjì; ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí kìlómítà 150 sí 200 nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, ni ó tún kábọ́ọ̀nù náà tò tí ó fi di òkúta dídán. Ní 1772, Lavoisier, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, fi ooru oòrùn jó dáyámọ́ǹdì, ó sì jóná di afẹ́fẹ́. Kò sí òkúta àdánidá mìíràn tí ó lè ha á lára, síbẹ̀ bí òòlù bá bà á ní ibi tí kò dára, yóò là. Ẹwà rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Mo ti rí i, ó wù mí. Ṣùgbọ́n ohun tí iná lè jó, tí òòlù sì lè là, kì í ṣe ohun tí ó wà títí láé. Èyí tí ó wà títí láé ní tòótọ́ ni ìwà, kò sì sí alágbàtà tí ń tà á.

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù: níbo ni ó ti wá, ọwọ́ ta ni ó sì wà á? Àwa ọmọ òrìṣà kò gbọdọ̀ fi ìbéèrè yìí ṣeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ wa wà nínú ìdáhùn rẹ̀.

Ní 1844 ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì ní Mucugê, ní ilẹ̀ olókè tí ó wà ní àárín Bahia, ní Bràsíìlì. Ẹrú wà lára àwọn tí wọ́n fi wà á, ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ àti ọmọ wọn. Títí di òní, ẹ̀sìn kan wà ní agbègbè náà, Chapada Diamantina, tí wọ́n ń pè ní Jarê, tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn awakùsà. Òrìṣà tiwa àti àwọn ẹ̀mí ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n jùmọ̀ ń bọ nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò: àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé òrìṣà la òkun kọjá ni wọ́n tẹ̀ba sínú odò láti yọ òkúta fún ìka ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1888 ni Bràsíìlì fi òpin sí oko ẹrú. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni Cecil Rhodes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá De Beers Consolidated Mines sílẹ̀ ní Kimberley, ní Gúúsù Áfíríkà. Ní Kimberley, inú ọgbà tí wọ́n tì pa ni àwọn awakùsà dúdú ń gbé títí àdéhùn iṣẹ́ wọn yóò fi parí, wọn a sì tú wọn sí ìhòòhò láti yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó jáde.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Freetown ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther sọ̀kalẹ̀ sí ní 1822 nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ibẹ̀ ni àwọn Akú wà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣì ń gbé egúngún jáde títí di òní. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà ní 1991, kò sì parí títí di 2002. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF gba ilẹ̀ Kono tí dáyámọ́ǹdì wà, wọ́n ń fi òkúta ra ìbọn, wọ́n sì ń gé ọwọ́ àwọn ará ìlú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1999 wọ́n wọ Freetown fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n wà nínú ECOMOG ṣòfò ẹ̀mí níbẹ̀. Àwọn ìyàwó wọn wà láàrin wa. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ pàtàkì fún Sierra Leone dá Charles Taylor, ààrẹ Liberia tẹ́lẹ̀, lẹ́bi pé ó ran àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n 50 ọdún. Ẹ gbọ́ o: ọwọ́ ni wọ́n gé, ìka ọwọ́ sì ni à ń fi òkúta náà sí.

Àwọn ìjọba àgbáyé kò dákẹ́. Láti 2003 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Kimberley Process ti bẹ̀rẹ̀, pé kí dáyámọ́ǹdì tí a kò tíì gé má kọjá ẹnubodè láìsí ìwé-ẹ̀rí. Ó ṣe àǹfààní, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí inú ìtumọ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ń sá pamọ́ sí. Dáyámọ́ǹdì ogun, nínú ìwé wọn, ni èyí tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń tà láti fi bá ìjọba jà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ogun ìjọba ni ó pa awakùsà, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Marange, ní Zimbabwe, ní 2008, kò sí nínú ìtumọ̀ yẹn. Nítorí náà, bí alágbàtà bá ní òkúta òun ní ìwé Kimberley, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó fún yín, ìbéèrè sì ṣẹ́kù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń mi orí pé, “Ẹ ò rí i? Iyùn ni kí a máa rà.” Ẹ ní sùúrù.

Iyùn kò hù nínú òkun wa. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa tí à ń yìn jù lọ ti ń wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tí ó kó o dé Benin àti etíkun wa láti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ adé ọba wa láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilẹ̀ Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ohun ti wá nìkan ni a ó fi dájọ́, iyùn àti dáyámọ́ǹdì yóò jùmọ̀ dúró níta ni.

Ohun tí ó sọ iyùn di tiwa ni ìṣe àti ọ̀rọ̀. A fún un lórúkọ, a yan ẹni tí ó lè wọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tí ó lè wọ̀ ọ́, a fi sọ ọmọ, a fi joyè, a fi sin àgbà, a sì ń jogún rẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni a fi bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó máa dá wa lóhùn. Kò sí ohun tí ó ní dáyámọ́ǹdì kò lè di bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ó sọ lé e lórí gbọdọ̀ jẹ́ tiwa, kí ó sì jẹ́ òtítọ́. Àwìn ni ọ̀rọ̀ ìpolówó De Beers lẹ́nu wa.

Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ohun tí ó jẹ́ tiwa láti inú ilẹ̀ wá, kí ó rántí Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun, níbi tí Frobenius, ará Jámánì, ti walẹ̀ ní 1910, onímọ̀ ìwalẹ̀ ọmọ Yorùbá, Abídèmí Babalọlá, ti fi ẹ̀rí hàn pé àwọn baba ńlá wa ń fi ohun tí wọ́n rí ní àyíká wọn yọ́ dígí fúnra wọn, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ní bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n hú jáde níbẹ̀ ju 12,000 lọ. Ilẹ̀ Olókun, òrìṣà ọrọ̀, ni iná ìléru yẹn ti jó. Ní Ìlọrin pẹ̀lú, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbẹ́ òkúta pupa, wọ́n ń dá a lu, wọ́n ń pè é ní lántànà, kí iṣẹ́ náà tó rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá. Ẹni tí ó bá ń wá ohun ọ̀ṣọ́ tí ìtàn rẹ̀ kò ní kọ́ ọ lẹ́nu, ìtàn wà nílé.

Mo ti sọ èrò mi lórí ẹ̀tọ́. Ó yá kí n sọ ti ọjà, nítorí ìmọ̀ràn tí kò dé ọjà kò tíì dé ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra dáyámọ́ǹdì, ohun mẹ́rin ni ó ń sọ iye rẹ̀: ìwọ̀n, gígé, àwọ̀ àti mímọ́. Kárátì ni wọ́n fi ń wọn ọ́n. Kárátì kan jẹ́ ìdá márùn-ún gíráàmù kan. Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ kárátì wúrà, tí ń sọ bí wúrà ṣe pọ̀ tó nínú àdàlù: 24 ni ojúlówó, 18 sì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Àwọ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà D dé Z kà; D ni kò ní àwọ̀ rárá. Mímọ́ ń sọ bí àbàwọ́n inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ àbàwọ́n ni ojú lásán kò sì lè rí. Gígé ni iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀, òun sì ni ó ń mú kí òkúta tan ìmọ́lẹ̀. Òkúta kékeré tí a gé dáadáa sàn ju ńlá tí ojú rẹ̀ kú lọ. Iye owó sì máa ń fò sókè ní kété tí ìwọ̀n bá pé kárátì kan géérégé. Èyí tí ó dín díẹ̀, ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, àpò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ béèrè ìwé-ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ tí ń yẹ òkúta wò tí kì í tà á, irú bíi GIA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1931, kí ẹ sì yẹ nọ́ḿbà rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wà á. Bí ọlọ́jà bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ó ti dáhùn. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá gbé òrùka náà padà lọ tà lọ́la, iye tí wọn yóò dá lé e yóò kéré gan-an sí èyí tí ẹ rà á. Ohun ọ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe àkójọ owó.

Dáyámọ́ǹdì àtọwọ́dá pẹ̀lú wà. Láti 1954 ni wọ́n ti ṣe é yọrí ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà. Kábọ́ọ̀nù kan náà ni, ẹ̀rọ nìkan ni ó lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti inú ilẹ̀, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ púpọ̀ ní ọdún àìpẹ́ yìí. N kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ bí ẹni tí ó rà á bá sọ ọ́ ní gbangba pé àtọwọ́dá ni. Bí ó bá fi pamọ́ fún ìyàwó, àdúrà ọjọ́ yẹn ti kẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ̀yin tí ẹ bá yan iyùn, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Rọ́bà àti dígí tí wọ́n kùn ní pupa kún ọjà. Iyùn gidi máa ń wúwo lọ́wọ́, ó máa ń tutù bí a bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà dọ́gba délẹ̀, rọ́bà fúyẹ́. Ẹ mú àgbà tí ó mọ̀ ọ́n dání lọ. Ẹ rántí pé ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ni ó ń kọ́ ọ, ìnípọn rẹ̀ kì í sì fi mìlímítà kan kún ara rẹ̀ lọ́dún. Nítorí náà, èyí tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ sàn ju kí a tún lọ ha òkun. Ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n bá sọ pé wọ́n hú nínú ilẹ̀ Ifẹ̀, ẹ má rà á: ẹni tí ó rà á ń sanwó fún ẹni tí ń ba ojúbọ Olókun jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọjà kò mọ̀: èèwọ̀ ẹni tí a ń fún. Iyùn pupa tí à ń fi sọ̀yà lè jẹ́ ẹ̀bùn tí kò bójú mu fún ọmọ Ọbàtálá tí funfun jẹ́ tirẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí àkọsẹ̀jayé rẹ̀ sọ, kí ẹ sì bi òun fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó wù ú. Kò sí èyí tí ó bu ẹ̀bùn kù nínú ìbéèrè. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fi pa á dé. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá, bí ọkọ bá san owó orí tán, ẹbí ìyàwó a dá a padà, kí ayé lè mọ̀ pé a kò ta ọmọ. Àṣà tí ó ní irú ọgbọ́n yìí kò yẹ kí ó wá gba òfin owó oṣù méjì lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ọkùnrin tí ó bá yá owó ra òrùka ti fi ẹlẹ́kẹta sínú ilé kí ìyàwó tó dé: olówó èlé ni. Kí olúkúlùkù rà níwọ̀n agbára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alága ìdúró àti ìjókòó, bí wọ́n bá gbé òrùka kalẹ̀ pẹ̀lú obì àti orógbó, ẹ má lé e, ẹ má sì kí i káàbọ̀ láìbi í. Ẹ jẹ́ kí ọkọ ìyàwó dìde, kí ó sọ ní èdè Yorùbá ohun tí òrùka náà jẹ́, ibi tí ó ti wá, àti ìdí tí ó fi yàn án. Bí ó bá lè sọ ọ́, kí àgbà gbé e sókè, kí ó fi ohun tí ó gbọ́ wúre. Bí kò bá lè sọ ọ́, obì àti orógbó wà níbẹ̀. Wọn kò tíì já wa kulẹ̀ rí.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.